Ìpínlẹ̀ wo ló yẹ ká rìtáyà sí? Maryland la wà, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìyá Bọ̀dé (Bowie, Maryland)

Ẹ kú ilé o, gbogbo ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, pàápàá lọ́dọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rìtáyà tàbí tẹ́ ẹ ti kó láti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíì. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti pé ọdún 63, bàbá Bọ̀dé jẹ́ 66, wọ́n ti fi iṣẹ́ bọ́ọ̀sì sílẹ̀, pẹ́ńṣàn wọn jẹ́ $1,900 lóṣù, Social Security wọn (owó àgbà tí ìjọba àpapọ̀ ń san) $2,150. Èmi ṣì ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ṣùgbọ́n orúnkún ń dà mí láàmú, mi ò rò pé màá lè fà á dé 67. Mo ní 401(k), ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì tí mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́, tó tó bíi $310,000, mi ò tíì fọwọ́ kàn án. Ilé tá à ń gbé, ó ku $118,000 tá a máa san lórí mọ́gẹ̀jì, àwọn ilé bíi tiwa ládùúgbò ń lọ ní $500,000 sókè, owó orí ilé sì lé díẹ̀ ní $6,000 lọ́dún.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sanwó fún mi, ìjọba àpapọ̀ á yọ tiẹ̀, Maryland á yọ tiẹ̀, county, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, náà á tún yọ tiẹ̀, èyí tó kù á wá dà bí ẹni pé mi ò ṣiṣẹ́ rárá. Gbogbo èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ń sọ pé ká máa lọ sí Texas, pé wọn kì í yọ owó orí lára owó tó ń wọlé fún èèyàn níbẹ̀, ọmọbìnrin wa àgbà sì wà lẹ́bàá Dallas pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ wa méjì. Bàbá ní Georgia ló wu àwọn torí àbúrò wọn wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Pennsylvania ló dáa jù, ẹlòmíì ní Delaware. Bọ̀dé wà ní Baltimore níbí, kò fẹ́ ká lọ jìnnà. Orí mi ti dàrú.

Ibi tí owó wa á ti tó wa ná, tá a máa rí dókítà gidi, tá a sì tún máa lè lọ sílé ní December láìjẹ gbèsè, ibẹ̀ ni mò ń wá. Ẹ má bínú pé ó gùn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Katy, Texas)

Ẹ kú iṣẹ́ o, mọ̀mí. Òótọ́ ni, Texas kì í gba owó orí lára owó tó ń wọlé, wọn ò ní fọwọ́ kan pẹ́ńṣàn bàbá, wọn ò ní fọwọ́ kan 401(k) yín. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìjọba ò gbowó níbí, orí ilé ni wọ́n ti ń gbà á. Àwọn ẹsíteètì tuntun tó yí Houston ká, Katy, Richmond, Cypress, MUD tax wà nínú wọn, ìyẹn owó tí wọ́n fi ń san gbèsè omi àti gọ́tà tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, tí wọ́n bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ti county, ti ilé ìwé, ti MUD, ó lè lé ní 2.5% iye ilé yín. Ilé $380,000 ní 2.5%, $9,500 nìyẹn lọ́dọọdún, ẹ fi wé $6,000 tẹ́ ẹ̀ ń san ní Bowie. HOA, ìyẹn owó ẹgbẹ́ àwọn onílé ẹsíteètì, ò sí nínú ẹ̀ o.

Àánú tó wà níbẹ̀ ni pé tí èèyàn bá ti pé 65, wọ́n máa ń bu owó ilé ìwé (apá owó orí ilé tó ń lọ sí ilé ìwé ìjọba) kù gan-an. Ní November 2025 àwọn ará Texas dìbò pé kí wọ́n yọ $140,000 kúrò nínú iye ilé tí èèyàn ń gbé kí wọ́n tó ṣírò owó ilé ìwé, wọ́n sì fi $60,000 kún un fún ẹni tó ti lé ní 65, àpapọ̀ $200,000. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á dé owó ilé ìwé yẹn mọ́lẹ̀, kò ní lè ga ju bó ṣe wà lọ́dún tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà á lọ, àyàfi tẹ́ ẹ bá kọ́ yàrá kún ilé. Ṣùgbọ́n ti ilé ìwé nìkan ni mò ń sọ o, kò kan MUD. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá fi iye tí wọ́n kà sórí ilé ránṣẹ́, ẹ máa protest kó tó di May 15, èmi máa ń ṣe é, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń gé e kù.

Èyí táwọn èèyàn kì í sọ ni ìnṣọ́ránsì. Ìnṣọ́ránsì ilé lásán kì í sanwó ìkún omi, ọ̀tọ̀ lèèyàn ń ra ìyẹn, nígbà ìjì Harvey ní 2017 ọ̀pọ̀ ilé tó kún ni wọn ò sọ fún onílé rí pé omi lè débẹ̀. Dallas ò ní ìjì òkun, yìnyín tó ń já òrùlé ni tiwọn, ìnṣọ́ránsì wọn náà ò sì rọ̀. Ẹ tún ka owó iná mọ́ ọn, láti June títí dé September AC ò lè sinmi. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ torí ọmọ yín àtàwọn ọmọ-ọmọ lẹ ṣe fẹ́ wá, ẹ wá o, ohun tó ń tuni lára nìyẹn, kó sáà má jẹ́ pé torí owó orí nìkan lẹ ṣe kó wá.

Alhaji Kennesaw (Georgia)

Às-salámù aláékúmù, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyá Bọ̀dé, bàbá ò sọ burúkú. Georgia ń gba owó orí lóòótọ́, 5.19% ni ní 2025, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: ẹni tó bá ti pé 65, $65,000 àkọ́kọ́ nínú pẹ́ńṣàn àti 401(k) rẹ̀, wọn kì í fọwọ́ kàn án, ti ọkọ lọ́tọ̀, ti ìyàwó lọ́tọ̀. Ẹni tó wà láàárín 62 sí 64, $35,000 ni tiẹ̀. Social Security ò sí nínú ìṣirò yẹn rárá torí Georgia kì í gbowó lórí ẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ẹ ò lè ná tó iye yẹn lọ́dún, mo ti ka owó yín, odo ni Georgia máa gbà lọ́wọ́ yín, àfi tẹ́ ẹ bá ṣì ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Èyí tó gbé èmi wá sí Cobb County ni pé ẹni tó bá ti pé 62 tó ń gbé nínú ilé tó ni, kì í san owó ilé ìwé mọ́, bẹ́ẹ̀ owó ilé ìwé ló pọ̀ jù nínú owó orí ilé. Èèyàn gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ kó tó di April 1, wọn ò ní wá bá ẹ nílé. County kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tiẹ̀ o, ti Gwinnett yàtọ̀, ti DeKalb yàtọ̀, torí náà tẹ́ ẹ bá rí ilé tó wù yín, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè county tó wà. Àwọn kan máa ń ra ilé lódìkejì ọ̀nà, wọ́n á wá rí i pé county tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bọ́ sí.

Ti ìrìn àjò sílé, Delta máa ń gbéra tààrà láti Atlanta lọ sí Èkó, ó kéré tán orúnkún yín á sinmi, ẹ ò ní máa sáré nínú eápọ̀ọ̀tù kan sí òmíì. Ohun tí ẹ̀ẹ́ san tẹ́ ẹ bá dé ni ti mọ́tò, ẹni tó bá ń kó mọ́tò wọ Georgia láti ìpínlẹ̀ mìíràn máa san 3% iye mọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan. Àti pé láìsí mọ́tò níbí, èèyàn ò lè dé ibì kankan, ẹ rò ó dé ìgbà tí ojú ò bá ríran dáadáa mọ́ lálẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Owó Orí (Silver Spring, Maryland)

Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n máa bá èèyàn fáìlì owó orí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ Ìyá Bọ̀dé, torí gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Maryland ló máa ń bi mí ní ìbéèrè yìí.

Ma, owó tó ń dùn yín yẹn, orí owó oṣù yín ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìyẹn ń lọ nìyẹn. Ẹ má fi owó orí òṣìṣẹ́ ṣírò ti ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kó kúrò ní Maryland nítorí owó orí tí wọn ò tiẹ̀ ní san mọ́. Maryland kì í gbowó lórí Social Security. Ẹni tó bá ti pé 65, wọ́n tún máa ń yọ apá kan kúrò nínú pẹ́ńṣàn rẹ̀, ní 2024 ó lè tó $39,500, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ yọ Social Security tó gbà kúrò nínú iye yẹn. Ẹ jẹ́ ká fi bàbá ṣe é: $2,150 lóṣù jẹ́ $25,800 lọ́dún, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú $39,500, ó ku $13,700. Pẹ́ńṣàn wọn lọ́dún jẹ́ $22,800. $13,700 nínú ẹ̀ ti bọ́, $9,100 péré ló kù tí Maryland lè rí, kí wọ́n tó tún yọ àwọn ẹ̀dínwó tó kù. Tí ẹ̀yin méjèèjì bá wá ti pé 65, tí owó yín lápapọ̀ ò sì ju $150,000, wọ́n tún máa ń dá $1,750 padà lára owó orí ìpínlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ti county nìkan ni ẹ̀ẹ́ máa san, ìyẹn náà ò ní pọ̀.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má kó o. Mò ń sọ pé Texas tí wọ́n ń pariwo yẹn, èrè tó wà níbẹ̀ fún yín lè má tó ẹgbẹ̀rún dọ́là kan lọ́dún lórí owó orí, ẹ sì ti gbọ́ ohun tí Ọmọ Ìjẹ̀bú sọ nípa owó orí ilé. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí pẹ́ńṣàn rẹ̀ jẹ́ $90,000, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀, òun lè jèrè gidi tó bá kúrò níbí.

Ohun mìíràn tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀: láti 1996 òfin àpapọ̀ ti wà pé ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti tẹ̀ lé pẹ́ńṣàn yín dé ibi tẹ́ ẹ kó lọ. Tẹ́ ẹ bá ti di ará Georgia, Maryland ò lè gbowó lórí pẹ́ńṣàn bàbá mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kó tinútinú. Ẹ gba láísẹ́ńsì mọ́tò tuntun, ẹ lọ forúkọ ìdìbò sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ yí àdírẹ́sì báńkì padà. Ẹni tó ní ilé síbí tó sì ń lò ju oṣù mẹ́fà lọ nínú ọdún ní Maryland, wọ́n lè sọ pé ará ibí ni, wọ́n á sì bi í ní owó. Tẹ́ ẹ bá sì máa ta ilé Bowie, ẹ tà á kó tó pẹ́ jù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá jáde, torí tọkọtaya tó bá gbé inú ilé fún ọdún méjì nínú márùn-ún tó kẹ́yìn lè jèrè tó $500,000 lórí ẹ̀ láìsan owó orí àpapọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́kọ (York, Pennsylvania)

Ẹ̀gbọ́n mi Ìyá Bọ̀dé, ẹ kú iṣẹ́ alẹ́, mo mọ bó ṣe máa ń rí. Láti Baltimore la ti kó wá sí York, a ò pọ̀ níbí, ṣùgbọ́n I-83 ò jìnnà, wákàtí kan ni láti dọ́dọ̀ Bọ̀dé tí gosílóò ò bá sí. Pennsylvania kì í fọwọ́ kan pẹ́ńṣàn, kì í fọwọ́ kan Social Security, kì í fọwọ́ kan 401(k) tí èèyàn bá ti fẹ̀yìn tì. Oúnjẹ nínú sítọ́ọ̀, wọn kì í gba tax lórí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, aṣọ náà bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ máa ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, 3.07% ni ti ìpínlẹ̀, ìlú náà á gba tiẹ̀ díẹ̀, láísẹ́ńsì nọ́ọ̀sì sì wà nínú compact, àdéhùn tí àwọn ìpínlẹ̀ fi ń gba láísẹ́ńsì ara wọn, Maryland wà níbẹ̀, Pennsylvania wà níbẹ̀, ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún Philadelphia sha, wọ́n ní owó orí tiwọn lórí owó oṣù, ó lé ní 3%.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ tó kù rèé, mi ò ní fi pamọ́: ogún. Tí èèyàn bá kú ní Pennsylvania, ọkọ tàbí ìyàwó ò san nǹkan kan, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ máa san 4.5% lórí ohun tá a fi sílẹ̀ fún wọn. Ilé àti owó tó tó $400,000, $18,000 nìyẹn. Àbúrò ẹni máa san 12%, àwọn ẹlòmíì 15%. Maryland náà ní owó ogún, ṣùgbọ́n wọn kì í gbà á lọ́wọ́ ọmọ. Èmi àti ọkọ mi jókòó sọ ọ́, a ní kò burú, àǹfààní tá à ń jẹ nísinsìnyí ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá àwọn ọmọ yín sọ ọ́ kí wọ́n má bàa rò pé ẹnì kan jí owó.

Ará Middletown (Delaware)

Kí n fi díẹ̀ kún un. Níbí kò sí tax ọjà rárá, iye tẹ́ ẹ bá rí lára ọjà ni ẹ̀ẹ́ san. Lẹ́yìn 60, $12,500 ni wọ́n ń yọ kúrò nínú pẹ́ńṣàn ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyókù wọ́n á gbowó lórí ẹ̀. Owó orí ilé ò ga tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní New Castle County wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún iye gbogbo ilé kà ní 2025, ìgbà àkọ́kọ́ láti 1983, ariwo sọ, ti àwọn kan lọ sókè gan-an. Torí náà tí ẹnikẹ́ni bá fi ìwé owó orí àtijọ́ hàn yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń wá ilé, ẹ béèrè tuntun.

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn (Tampa, Florida)

Ẹ̀yin ará mi, gbogbo yín ń sọ owó orí, kò sẹ́ni tó bi Ìyá Bọ̀dé pé ìnṣọ́ránsì ara ta ni wọ́n ń lò. Ma, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí. Ọdún 63 lẹ wà. Medicare, ìyẹn ìnṣọ́ránsì ìlera ìjọba fún àgbàlagbà, ò bẹ̀rẹ̀ títí 65. Medicare bàbá, bàbá nìkan ló wà fún, kò lè gbé yín. Tó bá jẹ́ pé orí ìnṣọ́ránsì iṣẹ́ yín lẹ wà, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni ẹ ò ní nǹkan kan mọ́, àfi kẹ́ ẹ ra COBRA, ìyẹn ni pé ẹ̀yin fúnra yín á máa san gbogbo owó tí iṣẹ́ ń bá yín san, pẹ̀lú 2% lórí ẹ̀, fún oṣù 18. Tàbí kẹ́ ẹ lọ rà á ní marketplace, ọjà ìnṣọ́ránsì tí ìjọba ṣí, ẹni tó ti lé ní 60 sì mọ iye tí wọ́n máa ń bu lé òun. Pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn yẹn, tí dókítà bá ní ẹ máa ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ̀ẹ́ ti ṣe é ńkọ́?

Ẹ ṣírò ẹ̀ dáadáa: ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 63 ààbọ̀, COBRA oṣù 18 á gbé e dé 65. Èyí tó dáa jù sí mi ni kẹ́ ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé yín kúrò lálẹ́, kẹ́ ẹ wá iṣẹ́ tẹ́ ẹ lè fi jókòó, case management, triage lórí fóònù, tí ìnṣọ́ránsì á ṣì wà, kẹ́ ẹ fi dé 65. Tó bá jẹ́ orúnkún ló ṣe pàtàkì, ẹ ṣe é nísinsìnyí tí iṣẹ́ ṣì ń sanwó.

Tẹ́ ẹ bá wá dé 65, ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé kẹ́ ẹ tó mú èyíkéyìí. Láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá gba Part B (apá Medicare tó ń sanwó dókítà), kò sẹ́ni tó lè torí àìsàn lé yín kúrò lórí Medigap (ìnṣọ́ránsì tó ń san ohun tí Medicare ò san tán), lẹ́yìn ìyẹn ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wọ́n lè wo ara yín kí wọ́n kọ̀. Medicare Advantage (Medicare tí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì aládàáni ń bójú tó) ní tiẹ̀, county ló ń bá lọ, èyí tẹ́ ẹ mú ní Bowie kò ní bá yín dé Dallas, wọ́n á fún yín láàyè láti mú òmíì tẹ́ ẹ bá kó, ṣùgbọ́n dókítà yín ò ní bá yín lọ.

Ti Florida kúkúrú: kò sí owó orí lára owó tó ń wọlé, ṣùgbọ́n ìnṣọ́ránsì ilé níbí ń pa èèyàn lẹ́kún. Ẹni tó bá fẹ́ ra condo, ìyẹn fúláàtì nínú ilé gíga, lẹ́yìn ilé tó wó ní Surfside ní 2021 wọ́n ti ṣe òfin pé kí wọ́n máa yẹ àwọn ilé gíga wò kí wọ́n sì máa tọ́jú owó àtúnṣe, àwọn onílé ló ń san án, wọ́n lè já ìwé ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lé e lọ́wọ́ lójijì. Ẹ béèrè ìwé ìpàdé àwọn onílé kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ìyá Bọ̀dé (Bowie, Maryland)

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bùkún yín. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún bàbá létí, a ò sùn bọ̀rọ̀. Orí ìnṣọ́ránsì iṣẹ́ mi ni mo wà lóòótọ́, Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn, mo sì ti fẹ́ kọ̀wé sílẹ̀ ní ìparí ọdún tẹ́lẹ̀. Èyí tó kù tó ń dà mí láàmú ni ilé. Bàbá ń rò pé ká kúkú máa gbé nílé ní Ìlá fún oṣù mẹ́fà, ká máa wá síbí fún oṣù mẹ́fà. Ṣé ẹnì kan ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Bàbá Adó (Adó-Èkìtì)

Ẹ kú ilé níbẹ̀ yẹn. Èmi ń ṣe é, ìyàwó mi náà ń ṣe é. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí ẹ̀ẹ́ mọ̀. Social Security máa ń wọlé fún ẹni tó ti di ọmọ Amẹ́ríkà, ibi yòówù kó wà nínú Nàìjíríà. Medicare ní tiẹ̀ kì í sanwó ilé ìwòsàn níbí rárá, ì báà jẹ́ LUTH, ì báà jẹ́ Afẹ́ Babalọlá níbí ní Adó, ẹ̀yin lẹ máa mú owó jáde lápò. A ò fi Part B sílẹ̀ nítorí pé tí èèyàn bá fi sílẹ̀ tó tún fẹ́ padà, wọ́n á fi 10% kún un fún gbogbo oṣù 12 tó fi wà níta, kò sì ní kúrò láyé. Ó jẹ́ $185 lóṣù ní 2025, ní 2026 ó di $202.90, à ń san án bẹ́ẹ̀ a kì í lò ó ju ìgbà tá a bá dé ọ̀hún lọ. Gbogbo yẹ̀wò ọdọọdún wa, ẹ̀jẹ̀ ríru, ojú, ọ̀hún la ti ń ṣe é, a sì ń gba oògùn tó máa tó wa dé ìgbà tá a máa padà.

Owó tẹ́ ẹ bá ní ní báńkì níbí, àpapọ̀ gbogbo ẹ̀, tó bá ti lé ní $10,000 nígbà kan ṣoṣo nínú ọdún, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀, FBAR ni wọ́n ń pè é, kò ní owó tẹ́ ẹ máa san, ṣùgbọ́n ìtanràn tó wà lórí ẹni tí kò ṣe é kì í ṣe kékeré.

Ti ilé ọ̀hún, a ta ilé ńlá. Yàrá méjì la rẹ́ǹtì lẹ́bàá ọmọ wa. Ilé tí èèyàn fi sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, páìpù lè bẹ́ nínú òtútù, ìnṣọ́ránsì lè ní kò sí èèyàn nínú ẹ̀, koríko á hù, ládùúgbò á máa pè yín. Bàbá Bọ̀dé, ẹ kú àròjinlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ibi tẹ́ ẹ bá máa dé sí, ọmọ yín kan lè wá gbé yín ní eápọ̀ọ̀tù. Ní tiyín, United máa ń lọ láti Dulles sí Èkó, ìyẹn náà ò jìnnà sí Bọ̀dé.

Ìyá Bọ̀dé (Bowie, Maryland)

Ẹ ṣé, Bàbá. A ti jọ sọ ọ́. Mi ò ní kọ̀wé sílẹ̀ mọ́, màá béèrè iṣẹ́ orí fóònù, màá sì lọ rí dókítà orúnkún nínú oṣù tó ń bọ̀. A máa san mọ́gẹ̀jì yẹn kúrò títí màá fi pé 65. Lẹ́yìn náà a máa lọ rẹ́ǹtì lẹ́bàá ọmọ wa ní Dallas nígbà ooru, torí ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn ń sá, a fẹ́ mọ̀ bóyá ara wa á gbà á, a ó sì lọ wo Cobb náà. A ò ní ra nǹkan kan kó tó dìgbà yẹn.

Ẹ̀gbọ́n Owó Orí, ìbéèrè kan ló kù. Ẹnì kan pè mí láti báńkì pé kí n kó 401(k) mi bọ́ sínú IRA (àkáǹtì ìfẹ̀yìntì téèyàn ṣí fúnra rẹ̀) báyìí, pé ó dáa jù. Ṣé kí n ṣe é?

Ẹ̀gbọ́n Owó Orí (Silver Spring, Maryland)

Ẹ dúró ná, ma. Àǹfààní $39,500 tí mo sọ níjọ́sí, Maryland kì í fún IRA. Pẹ́ńṣàn àti 401(k) nìkan ló wà fún. Tẹ́ ẹ bá kó owó yẹn sínú IRA tẹ́ ẹ sì padà dúró ní Maryland, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ń mú jáde nínú ẹ̀ ni wọ́n máa gbowó lórí ẹ̀, ẹ ò sì lè fi àǹfààní yẹn bò ó. Tó bá jẹ́ Georgia tàbí Pennsylvania lẹ padà lọ, kò ní yàtọ̀. Níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ò tíì mọ ibi tẹ́ ẹ máa gbé, ẹ fi í síbi tó wà, òfin ò fipá mú yín láti mú un jáde títí ẹ ó fi pé 75. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ yín bóyá wọ́n gbà kẹ́ ẹ fi í síbẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá lọ, kẹ́ ẹ sì gba èsì yẹn ní àkọsílẹ̀.